Omi Inú Ọ̀rá, Omi Àgbọn àti ORS: Èwo Ni Kí Ẹlẹ́ṣin Rà?

Ẹni tó kàn fẹ́ gun ẹṣin fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá létí òkun Àgbádárìgì kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀, ìgò omi kan ti tó o. Ẹ̀yin tó fẹ́ wà lórí gàárì fún wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún lórí yanrìn gbígbóná ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Omi inú ọ̀rá ló rọrùn jù láti rí. Ọ̀rá kan jẹ́ 50cl, ó sì wà káàkiri láti Mile 2 títí dé Sẹ̀mẹ̀. Ẹ ṣáà wo nọ́ńbà NAFDAC ara rẹ̀. Ó ń pa òùngbẹ, ṣùgbọ́n òógùn tó ń jáde lára yín ní iyọ̀ nínú, omi yìí kò sì lè dá iyọ̀ náà padà. Ẹni tó bá ń làágùn fún wákàtí púpọ̀, tó ń mu omi lásán lámujù, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀: orí á máa fọ́ ọ, èébì á máa gbé e, ọkàn rẹ̀ á dàrú. Á rò pé òùngbẹ ni, á tún mu sí i. Ibẹ̀ ni ewu wà.

Omi àgbọn ni mo fẹ́ràn jù, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Ìlú àgbọn ni tiwa. Kò sóhun tí a kì í sọ pé omi àgbọn lè ṣe. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, mo sì gbé òun nìkan dání lọ́jọ́ kan. Ní wákàtí kẹta, pajápajá mú mi ní itan débi pé ńṣe ni wọ́n gbé mi sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin. Potásíọ́mù, èròjà kan tí ara ń lò, ló pọ̀ nínú omi àgbọn. Sódíọ́mù, tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀ wa, ló kéré, òun gan-an sì ni òógùn ń kó lọ jù. Tí ẹ bá tún dà á sínú ike, á ti kan kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ rà á fún ìgbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ fi nǹkan oníyọ̀ tì í.

ORS, ìyẹn ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tí omi ara rẹ̀ ti dínkù, tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì, ni mo fọwọ́ sí. Kì í ṣe ọmọ tó ń ṣu gbuuru nìkan ló wà fún. Ìlànà tí WHO àti UNICEF ń lò láti 2002 ni gíráàmù 2.6 iyọ̀ àti gíráàmù 13.5 glukóòsì (irú ṣúgà kan) nínú lítà omi kan, pẹ̀lú potásíọ́mù àti sítíréètì díẹ̀. Kì í ṣe nítorí adùn ni wọ́n ṣe fi glukóòsì sí i. Òun ló ń fa iyọ̀ àti omi láti inú ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ ka ara ọ̀rá rẹ̀ kí ẹ tó pò ó, torí iye omi tí ẹ máa pò ó mọ́ wà níbẹ̀. Bí kẹ́mísì bá jìnnà, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ àti lítà omi kan, kí ohun inú ṣíbí má ga kọjá etí rẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín, kó kọ́kọ́ bi dókítà.

Ohun mímu alágolo tó ní kaféènì? Ẹ fi í sílẹ̀.

Ike tó ń wọ inú àpò gàárì kò wọ́n, ó sì rọrùn láti fọ̀, àmọ́ ẹ máa ní láti dá ẹṣin dúró kí ẹ tó mu. Àpò ẹ̀yìn onírọ́bà tó ń gba lítà méjì ni mo yàn, torí ẹ lè máa fà á mu bí ẹṣin ṣe ń lọ. Rọ́bà rẹ̀ a máa bu nínú tí ẹ kò bá fọ̀ ọ́ kó gbẹ. Èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tí ọwọ́ lè wọ̀ ni kí ẹ rà.

Owó ti ẹṣin ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀. Nínú ooru, ẹṣin tó ń sáré lè làágùn lítà 10 sí 15 ní wákàtí kan. Òógùn tiwa kò níyọ̀ tó ẹ̀jẹ̀ wa, ìyẹn ló ń jẹ́ kí òùngbẹ tètè gbẹ wá. Òógùn ẹṣin níyọ̀ tó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà omi lè ti dínkù gan-an lára rẹ̀ kó má tíì wá omi mu. Ìdí nìyẹn tí dókítà ẹran fi ń dá ẹṣin dúró yẹ̀ wò lójú ọ̀nà níbi ìdíje ẹṣin Tevis Cup, tó jẹ́ ìrìn nǹkan bí 160 km ní Kalifóníà, Amẹ́ríkà. Ẹ ra korobá tó ṣeé ká, kí ẹ sì fún un lómi níbi gbogbo tí ẹ bá dúró sí. Omi òkun kọ́ o. Iyọ̀ tó bá jẹ láìsí omi mímu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á tún gbẹ ẹ́ sí i ni. Ẹ fi ìka méjì fa awọ ọrùn rẹ̀, kí ẹ jù ú sílẹ̀. Tí kò bá tètè padà sí ipò rẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ fà á lọ sábẹ́ ibòji.