Iceberg àbí Peace? Bí ẹ ṣe lè dá róòsì mọ̀ kí ẹ tó sanwó

Tí ẹ bá ń wá róòsì rà lẹ́bàá títì n'Ìbàdàn, orúkọ tí ọlọ́dòdó máa pè fún yín sábà máa ń jẹ́ "funfun" tàbí "pupa". Àwọ̀ kò sì ṣeé gbára lé: ooru máa ń jẹ́ kí oríṣi róòsì tí wọ́n ń pè ní Peace ṣá, òtútù ọyẹ́ sì lè ta píǹkì díẹ̀ sí oríṣi tó ń jẹ́ Iceberg lára. Ara igi ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ṣé róòsì tiẹ̀ ni? Wọ́n ń ta Adenium, tí wọ́n ń pè ní desert rose, àmọ́ kò bá róòsì tan rárá. Ìdí rẹ̀ wú, oje tó ní májèlé sì ń jáde níbi tí ẹ bá ti já ewé rẹ̀. Ewé róòsì ní tirẹ̀ máa ń tò ní márùn-ún tàbí méje sórí ọ̀pá kan, etí wọn ní eyín bí ayùn, ewé tín-ínrín méjì sì lẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀pá náà.

Iceberg (Kordes ló mú un jáde ní Jámánì, 1958): òdòdó funfun, lóṣùṣù. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò dúdú púpọ̀, ẹ̀gún rẹ̀ ò sì pọ̀. Èyí tó ń gun ògiri wà pẹ̀lú, ẹ béèrè kí ẹ tó gbé e.

Peace (Meilland ló mú un jáde ní Faransé; 1945 ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ yìí ní Amẹ́ríkà): òdòdó ńlá, ọ̀kan lórí ẹ̀ka kan lọ́pọ̀ ìgbà, àwọ̀ ìyeyè tí píǹkì yí etí rẹ̀ ká. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó nípọn, ó ń dán.

Bí kò bá sí òdòdó lórí igi ńkọ́? Ẹ wo ọ̀pá tí òdòdó tó ti rọ wà lórí rẹ̀. Bó bá pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, òṣùṣù ló so, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ Peace.

Ibi tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni ìsàlẹ̀ igi. Wọ́n sábà máa ń so ẹ̀ka róòsì mọ́ gbòǹgbò róòsì mìíràn, ojú ibẹ̀ á sì wú. Ẹ̀ka tó bá hù lábẹ́ ibi tó wú yẹn, ti gbòǹgbò ni. Ẹ má fi ewé rẹ̀ dá igi mọ̀. Bó bá ti pọ̀ jù, ẹ fi igi náà sílẹ̀ fún ọlọ́dòdó.

Iceberg ni èmi á mú fún ọgbà Bódìjà, torí kì í pẹ́ tún òdòdó yọ. Ẹni tó ń wá òdòdó tí yóò gé sínú ìkòkò lórí tábìlì, kó mú Peace. Àìsàn àmì dúdú orí ewé kì í dá ìkankan wọn sí nígbà òjò.

Tó bá jẹ́ àwòrán orí fóònù nìkan ni wọ́n fi hàn yín, owó róòsì aláìlórúkọ ni kí ẹ san.