Owó ìrànwọ́ PGDE fún àwa tíṣà: ojú mi rí nǹkan

Fótò mi la bá lára ìwé arákùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí. Oṣù mẹ́jọ ni fáìlì mi fi jókòó sójú kan nítorí ìyẹn, èmi ń lọ, mò ń bọ̀. Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí nìyẹn.

Sáyẹ́ǹsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ JSS ní Sùúrùlérè. B.Sc. Chemistry ni mo ní, mi ò kàwé tíṣà, irú wa sì gbọ́dọ̀ ní PGDE, ìwé-ẹ̀rí ìkọ́ni tí ẹni tó ti gboyè ń kà kún un, kí TRCN, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀, tó forúkọ wa sílẹ̀. Àwọn kan ní kí n lọ bá TETFund, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń náwó sórí ilé-ìwé gíga. TETFund kò kàn wá o! Àwọn tó ń kọ́ni ní yunifásítì, poli àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ tó jẹ́ ti ìjọba ló wà fún. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó tiwa ló kù. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ẹnì kan ṣe mí lóore níbẹ̀. Àdéhùn wọn ni pé kí n san owó ilé-ìwé, kí n kó rìsíìtì wá, kí n mú oníǹdúró méjì wá tọwọ́ bọ bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé àdéhùn, àwọn á dá owó náà padà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdájí ni mo ti wọ dáńfó ní Ojúẹlẹ́gba. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì níbẹ̀ gba ìwé mi, ó kà á, ó ní, "Ó pé, Àǹtí. A máa pè yín." Wọn ò pè. Mo padà lọ, ó ní kí n ṣe ẹ̀dà míì wá. Lẹ́ẹ̀kẹta, fáìlì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá. Lẹ́ẹ̀kẹrin, kò tilẹ̀ gbójú sókè: "Orúkọ yín ò sí níbí, mà." Ìwé tóun fúnra rẹ̀ buwọ́ lù wà lọ́wọ́ mi! Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ, àwọn ọmọ JSS 3 mi tó ń múra BECE, ìdánwò àṣejáde JSS, ló ń jókòó láìsí tíṣà. Sáà kejì PGDE mi sì ti wọlé, àjọ tí mo fẹ́ fi san owó ilé ni mo kó san án.

Ariwo mi ni bàbá tó ń tọ́jú fáìlì gbọ́. "Tíṣà, ẹ má bínú, ẹ wọlé." Iná ò sí. Ó fi àgbọ̀n há fóònù mọ́ àyà, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wo pẹpẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tú okùn, ó ń dì í padà. Ó rí fáìlì mi. Wọ́n ti fi pẹ́ńsù kọ "kò sí fótò" sí i. Mo ní mo lẹ fótò mọ́ ọn! Bàbá ò jiyàn, ó mú fáìlì arákùnrin kan tó wà lórí tèmi, ó yí i padà. Ooru ti mú gọ́ọ̀mù yọ́, fótò mi ti bá a lọ, ó dojú dé ẹ̀yìn ìwé yẹn, orúkọ mi hàn lẹ́yìn rẹ̀ ní bírò búlúù. Ó fi abẹfẹ́lẹ́ họ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ṣí, kò ya. Nọ́ńbà fóònù mi wà níwájú fáìlì gbàgàdà, kò sẹ́ni tó pè mí kó ní kí n mú fótò míì wá.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé e gòkè lọ bá ọ̀gá. Mo fún un ní ẹgbẹ̀rún kan náírà, ó kọ̀ ọ́. "Tíṣà nìyàwó mi náà kó tó fẹ̀yìntì. Ẹ lọ bá àwọn ọmọ yín."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mò ń kọ H₂O sójú pátákó nígbà tí àlẹ́ẹ̀tì wọlé. Owó sáà méjèèjì pé, náírà kan ò dín. Mo kọjú sí pátákó kí àwọn ọmọ má baà rí omijé mi. Ọpẹ́lọpẹ́ owó yẹn, mo san gbèsè owó ilé, mo fi èyí tó kù forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò TRCN (wọn kì í san ìyẹn fúnni), mo sì yege.

Ṣùgbọ́n tíṣà tí kò ní àjọ tó máa kó ńkọ́? Irú wọn pọ̀ nílé-ìwé wa, wọn ò tiẹ̀ gba fọ́ọ̀mù, torí wọn ò rí owó àkọ́kọ́ san. Àwọn gan-an ló yẹ kí ètò yìí kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Bàbá náà sì ti ń fẹ̀yìntì lọ.

Mo fún ọ́fíìsì náà ní máàkì 4 nínú 5. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ kọ orúkọ sẹ́yìn fótò yín, ẹ fi pín-ìn-nì dè é mọ́ fọ́ọ̀mù. Ẹ má lo gọ́ọ̀mù.