Ọdún mẹ́ta tí mo ti ń lo kírẹ́díìtì káàdì: ibi tó ti wúlò fún mi àti ibi tó ti fẹ́ rì mí

Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí tí báǹkì mi ti fún mi ní kírẹ́díìtì káàdì, àwọn èèyàn sì máa ń bi mí bóyá káwọn náà gbà á, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n kọ gbogbo ẹ̀ síbí. Káàdì yẹn dáa o, mo ṣì ń lò ó. Àmọ́ lọ́dún àkọ́kọ́, gbèsè ẹ̀ ò jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé báǹkì ló ń bá yín san owó nǹkan tẹ́ ẹ bá rà, tóṣù bá parí wọ́n á ṣírò ẹ̀ pọ̀, wọ́n á fi sítétímẹ́ǹtì ránṣẹ́, tèmi máa ń fún mi ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n fi san án. Tí mo bá san gbogbo ẹ̀ pátá kọ́jọ́ yẹn tó pé, kò sí èlé kankan lórí ohun tí mo rà. Ibí yìí gan-an ni káàdì yìí ti dùn.

Àmọ́ iye méjì ló máa ń wà nínú sítétímẹ́ǹtì yẹn, gbogbo gbèsè, àti iye tó kéré jù tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín lóṣù yẹn. Èyí tó kéré yẹn ló kó bá mi. Mo rò pé tí mo bá ti san án, mo ti bọ́ nìyẹn, torí báǹkì ò pè mí, wọn ò sì bu owó ìtanràn lé mi, oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó jókòó ṣírò ẹ̀. Ẹ bá mi wò ó: ká ní ẹ jẹ 1,000, kí èlé ẹ̀ jẹ́ 24% lọ́dún, ìyẹn bíi 2% lóṣù. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ san 3%, ẹ san 30, èlé gbé 20 lọ níbẹ̀, 10 péré ló kúrò lára gbèsè. Ó ṣì ku 990! Ìyẹn tẹ́ ò bá tíì ra nǹkan míì o.

Èyí tó sì dùn mí jù ni pé bí gbèsè bá ti ṣẹ́ kù sílẹ̀, àǹfààní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ti lọ, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ra nǹkan tuntun gan-an ni èlé á ti bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀. Ẹ má sì fi gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ ATM, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo dán an wò, wọ́n yọ owó iṣẹ́, èlé sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó yé mi, mo gbé káàdì náà sọ́wọ́ àbúrò mi, mo yọ nọ́ńbà káàdì náà kúrò lórí fóònù mi, mo wá ń san ìlọ́po mẹ́ta iye kékeré yẹn lóṣooṣù títí tó fi tán. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, èlé díẹ̀ tún yọjú, àyà mi já, mo pè wọ́n, ọmọbìnrin tó gbé e fi sùúrù ṣàlàyé pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣírò èlé, tọjọ́ tí sítétímẹ́ǹtì jáde sí ọjọ́ tí mo sanwó ló ṣẹ́ kù.

Ní báyìí, mo ti sọ fún báǹkì kí wọ́n máa yọ gbogbo gbèsè náà fúnra wọn lóṣooṣù, àlẹ́ẹ̀tì sì ń wọlé ní gbogbo ìgbà tí mo bá ná an. Wọ́n fi kún iye tí mo lè ná láìjẹ́ pé mo béèrè, mo ní kí wọ́n dá a padà síbi tó wà. Póìǹtì, ìyẹn ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún wa lórí ohun tá a bá fi káàdì rà, ò tó nǹkan, tèmi ò ju 1% lọ, kí ló máa ṣe níwájú èlé 24%? Ohun tí mo yìn wọ́n fún ni pé nígbà tí oníṣòwò kan yọ owó mi lẹ́ẹ̀mejì, mo fi ẹjọ́ sùn, wọ́n sì dá a padà.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Tẹ́ ẹ bá ṣí áàpù wọn láti sanwó, iye kékeré yẹn ló wà lókè gàgàrà, ẹ máa wá gbogbo gbèsè lọ sísàlẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ ipò àwọn méjèèjì ni màá fi ìràwọ̀ kan kún un.