Màmá tún gorí àga: bí a ṣe wo King of Boys apá kejì ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìgbóna, Ọ̀ṣogbo

Léèsì oníbàárà ló kọ́kọ́ jìyà fíìmù yìí. Ọmọ iṣẹ́ mi gbé áyọ́ọ̀nù lé ọwọ́ bùbá kan, ó gbójú sókè wo tẹlifíṣàn, Mákànákì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá jàgùdà inú fíìmù náà, yọ lójijì, ó figbe ta, ó gbàgbé áyọ́ọ̀nù síbẹ̀. Kí òórùn tó ta sí wa nímú, ihò ti dá sí ara léèsì, ó fẹ̀ tó ìdérí ìgò. Ǹ bá bá a wí, àmọ́ èmi alára ti fò dìde, abẹ́rẹ́ mẹ́ta wà lẹ́nu mi, mò ń nawọ́ sí tẹlifíṣàn bí ẹni rí òkú tó jí. Ẹni tí gbogbo wa ti gbà pé ó ti kú láti 2018!

Mo wá irú léèsì náà títí dé Ọjà Ọba, mo tú ọwọ́ tó jó, mo rán òmíràn sí i. Àwọ̀ rẹ̀ fi díẹ̀ mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ojú aránṣọ nìkan ló lè rí i. Owó àpò mi ni. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ ibi tí fíìmù yìí ti dùn àti ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó, ẹ mọ̀ pé ẹni tó sanwó ló ń sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá sì ń wá ẹni tí kì í ṣe ojúsàájú, ẹ má dúró lọ́dọ̀ mi. Láti ìgbà tí Sọlá Ṣóbọ̀wálé, olú òṣèré fíìmù yìí, ti jẹ́ Tóyìn Tòmátò nínú eré orí tẹlifíṣàn Super Story ni mo ti ń bá a bọ̀. Ìyá mi kò mọ orúkọ rẹ̀ títí ó fi kú. Tóyìn Tòmátò ló ń pè é, tó bá sì ti yọ nínú eré èyíkéyìí, màmá á kọ́kọ́ bú u ná kó tó jókòó wò ó. Nígbà tó yá, Sọlá wọ ìlú Ọba lọ nítorí àwọn ọmọ rẹ̀, a ò fi bẹ́ẹ̀ rí i mọ́ fún ọdún mélòó kan. Ìgbà tó wá yọ ní 2016 bí ìyá ìyàwó nínú The Wedding Party, mo ní hẹ̀n-ẹn, ẹni wa ti dé. Kẹ́mi Adétibà ló darí ìyẹn. Òun náà ló gbé e sórí àga àwọn jàgùdà nínú King of Boys àkọ́kọ́ ní 2018, òun náà ló sì ṣe èyí.

Ọjọ́ Jimọ̀, 27 oṣù kẹjọ 2021, ni wọ́n gbé e jáde lórí Netflix, apá méje lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún Ọ̀ṣun ti kọjá, aṣọ funfun ti tán lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n aṣọ ẹbí oṣù kẹsàn-án ti rọ́ dé. Àbúrò mi tó wà n'Íbàdàn ló ni páásíwọ́ọ̀dù, èmi ni mo ra dátà. Mo fi wáyà so fóònù mọ́ tẹlifíṣàn tó wà lókè ibi tí a ń to òwú sí, a ń rán aṣọ, a ń wò. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mi (mi ò ní dárúkọ) máa ń dáa láàárọ̀ kùtù. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, òbìrípo kan á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú tẹlifíṣàn, Sọlá á lanu sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ò ní jáde. A ti mọ gbogbo eyín rẹ̀ tán. Iná ní tirẹ̀, ibi tó bá dùn jù ni wọ́n ti ń mú un lọ. Bí mo bá ṣírò ohun tí fíìmù yìí ná mi, epo jẹnẹrétọ̀ ló kó ìdajì. Ọjọ́ mẹ́rin la fi wò ó, láti Sátidé dé Ọjọ́rú, tí ẹ bá yọ Sọ́ńdè kúrò.

Ìtàn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo ti àkọ́kọ́ mọ Ẹniọlá Sàlámì, Màmá tí Sọlá ṣe: oníṣòwò ńlá, olówó tí gbogbo ayé ń kí lóde àríyá, àmọ́ lábẹ́lẹ̀ òun ló ń jókòó bí olórí nídìí tábìlì tí àwọn ọ̀gá ìpàǹpá Èkó ń yí ká. Ó fẹ́ di mínísítà, àwọn òṣèlú tó ti bá jẹ tó ti bá mu kọ̀yìn sí i, Mákànákì dìtẹ̀ mọ́ ọn, kí ọ̀rọ̀ sì tó rodò, ó ti pàdánù ọmọ méjèèjì tó bí. Nínú èyí, ó ti òkèèrè dé, wọ́n ti fagi lé ẹ̀sùn tó wà lọ́rùn rẹ̀, èrò ń yọ̀ mọ́ ọn. Ó ní ọ̀rọ̀ mínísítà ti kúrò níbẹ̀, gómìnà Èkó lòun ń bọ̀ wá dù. Ẹni tó wà nípò kò ṣe tán àtidìde, ìyàwó rẹ̀ Jùmọ̀kẹ́ Randle ló sì burú jù nínú wọn. Ó tó báyẹn, kí n má bàa ba adùn jẹ́ fún ẹni tí kò tíì wò ó.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ gbogbo èyí ni bí obìnrin yìí ṣe ṣeré. Nínú ti 2018, ariwo rẹ̀ làwọn èèyàn máa ń sọ. Tó bá bínú, iṣan ọrùn rẹ̀ náà á bá a bínú. Àwọn kan ní àsọdùn ni. Èmi ò gbà. Ẹni tó bá dàgbà nílé olóbìnrin mẹ́ta ní Ọ̀ṣogbo yìí mọ̀ pé kò sí àsọdùn níbẹ̀. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu lọ́tẹ̀ yìí ni pé nígbà tó dákẹ́ gan-an ló bà mí lẹ́rù jù.

Ẹ wo àwọn ìgbà tí òun àti Ẹniọlá kékeré bá jọ wà. Toni Tones ló ṣe Ẹniọlá nígbà ọ̀dọ́ nínú méjèèjì. Nínú ti àkọ́kọ́, ó dà bí ìrántí, òun la fi mọ ibi tí màmá ti wá. Níbí, ó ti di ohùn inú rẹ̀. Á dúró tì í, á máa ti í, á máa fi í ṣẹ̀sín pé ó ti rọ̀ jù, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń rí i. Ètè Sọlá á gbọ̀n bíńtín, bí ẹni tó fẹ́ fèsì, á tún gbé èsì náà mì. Mo dá ibẹ̀ padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì nítorí ètè yẹn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń pariwo pé ọ̀gá, ẹ jẹ́ ó máa lọ. Wọn ò tíì bímọ, wọn ò tíì sin èèyàn, wọn ò lè mọ ohun tí mò ń wò.

Ìyá olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá wọn bùbá, ló là mí lójú sí nǹkan kan. Ó wò ó díẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹfúnṣetán rèé." Mo ní báwo, Mọ̀ọ́mì? Ó ní Ìyálóde Ìbàdàn tí wọ́n pa ní 1874, ṣé olówó kọ́ ni? Ṣé kò ní ọmọ ogun tirẹ̀? Àwọn ìjòyè tó ti ń wá ya nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ náà ni wọ́n padà gbìmọ̀ lé e lórí. Ọmọ kan ṣoṣo tó ní sì kú sórí ìkúnlẹ̀, láti ìgbà náà ni ayé ti le lójú rẹ̀. Ó ní kí n fi ìyẹn sọ́kàn kí n tún wo obìnrin inú tẹlifíṣàn yìí. Òótọ́ ni, láti ibẹ̀ lọ mi ò lè wo Ẹniọlá bí jàgùdà lásán mọ́.

Bàbá káfíńtà tó wà lódìkejì títì kò gbà. Ẹ mọ̀ pé ìlú Dúró Ládípọ̀ àti Oyin Adéjọbí la wà, kò sí àgbàlagbà kan níbí tí kì í ṣe adájọ́ eré. Tí bàbá yìí bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí wọ́n ṣe ń sá tẹ̀lé mọ́tò àwọn òṣèré nígbà èwe rẹ̀, iṣẹ́ ti parí lọ́jọ́ yẹn. Ó ní àwọn ọmọ ìta kì í kúnlẹ̀ fún obìnrin, irọ́ ni olùdarí eré ń pa. Ìyá aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bi í léèrè pé ta ló ń gba owó lọ́wọ́ gbogbo ọkùnrin tó ń já ata sọ́jà, ta ni wọ́n ń bẹ̀ tí ọ̀rọ̀ bá dojú rú? Bàbá ní ti ata yàtọ̀. Wọ́n fà á títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n bó ṣe ní irọ́ ni tó, alaalẹ́ ló ń gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti aṣọ, nítorí iṣẹ́ mi ni. Gèlè Ẹniọlá máa ń wọlé ṣáájú òun alára. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: aṣọ rẹ̀ fẹ̀, ó wúwo, ó gba àyè, tó bá jókòó, àga kò hàn mọ́. Ti Jùmọ̀kẹ́, wọ́n gé e mọ́ ara, kò sí ibi tó ti ṣẹ́po. Kí wọ́n tó sọ gbólóhùn kan síra wọn ni o ti mọ ẹni tí owó rẹ̀ ti ọjà wá àti ẹni tí ó bá a nínú ilé. Nse Ikpe-Etim sì ṣe é débi tí mo fi ń gbé e ṣépè. Kì í pariwo, ńṣe ló máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín náà sì dà bí abẹ tí wọ́n fi òróró pa.

Olórin la mọ Reminisce sí, àmọ́ Mákànákì rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń fi orúkọ jẹun nínú fíìmù. Yorùbá ẹnu rẹ̀ ni Yorùbá àwọn tí a ń bá pàdé ní gáréèjì, kò sí pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kó tó sọ ọ́. Titi Kuti tó ṣe Adé Tiger làwọn ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́ràn, wọ́n ní irú ọkùnrin olóòótọ́ bẹ́ẹ̀ làwọn ń wá. Mo ní kí wọ́n ránṣọ.

Ibi tó ti sú mi wà. Apá méje pọ̀. Ti àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta, àwọn èèyàn sì ráhùn nígbà náà pé ó gùn. Èyí wá ń lọ bíi wákàtí kan lápá kọ̀ọ̀kan. Akọ̀ròyìn tí Ẹfà Iwara ṣe, Dàpọ̀ Banjo, mo mọ ìdí tí wọ́n fi nílò rẹ̀ nínú ìtàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òun àti ilé rẹ̀ gba àkókò ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgbà tí wọ́n bá ti kọjú sí i ni àwọn oníbàárà mi máa ń rántí pé àwọn ní ọbẹ̀ lórí iná. Rẹ̀fẹ́rẹ́ńdì tí Richard Mofe-Damijo ṣe dùn ún wò, ohùn ọkùnrin yẹn nìkan ti tó ìwàásù, àmọ́ ẹni tó bá ti wo fíìmù rí á ti máa fura sí i kó tó di pé wọ́n fẹ́ kó fura. Charly Boy wà níbẹ̀ náà, ìrísí rẹ̀ bà wá lẹ́rù, mo rò pé nǹkan ńlá ń bọ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ lójú wa.

Èdè tún ni. Ibi tí wọ́n bá ti ń sọ Yorùbá, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń gbádùn rẹ̀. Tó bá ti kan ọ́fíìsì àwọn òṣèlú, òyìnbó á bẹ̀rẹ̀, ìyá aláta á máa bi mí ní "Kí ló wí?", èmi á sì di ògbufọ̀ pẹ̀lú síkọ́sọ̀ lọ́wọ́. Mi ò dá wọn lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ làwọn òṣèlú ṣe ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ ó rẹ̀ mí. Kí n sì kìlọ̀ fún ẹni tó bá ní ọmọ kékeré nílé: ẹ̀jẹ̀ pọ̀, èébú pọ̀. Tí àwọn ọmọ bá ti ń wọlé dé láti ilé ẹ̀kọ́ lẹ́sìnnì, ńṣe ni mo máa ń pa á.

Bí wọ́n bá bi mí èwo ló dára jù nínú méjèèjì, ti 2018 ni. Ìtàn ibẹ̀ há mọ́ra, Sọlá wà lójú wa ní gbogbo ìgbà. Níbí, wọ́n pín eré fún èèyàn púpọ̀, ibi tí kò bá sí, fíìmù náà máa ń dẹ̀ bí rọ́bà ìdí ṣòkòtò tó ti gbó. Ṣùgbọ́n ṣíṣe tí òun fúnra rẹ̀ ṣe é, ti ìsinsìnyí ló wọ̀ mí lára. Màá tún wò ó. Ti Dàpọ̀ Banjo nìkan ni màá fò.

Apá ìkẹyìn bọ́ sí alẹ́ Ọjọ́rú. Iná ti lọ, epo ti tán, ilé epo ti tì, a yọ wáyà, a rọ̀gbà yí fóònù kan ká nínú òkùnkùn. Bàbá káfíńtà ló ń gbá ẹ̀fọn fún wa. Ibẹ̀ la wà tí oníléèsì wọlé. Ó wá gba aṣọ rẹ̀. Mo ní kó dán an wò, ó wọ̀ ọ́, ó ní ó bá òun mu, ló bá rí ohun tí à ń wò, ló bá fà ìjókòó. Kò bọ́ aṣọ náà. Nígbà tó kan ibi tí Sọlá ti ń sunkún, òun náà bú sẹ́kún, ó gbé apá sókè, ọwọ́ bùbá tí mo pààrọ̀ gan-an ló fi ń nu ojú, ó fi í nù ún lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ fóònù, ó wò ó, ó tún nù ún. Ẹ má bi mí ní ohun tí Màmá sọ níbẹ̀. Ọwọ́ aṣọ yẹn ni mò ń wò.