Mouse oníbọ́ọ̀lù tí mo rà fún Windows 95 mi

Sítíkà ni mo ń gé ní Ṣómólú. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ tí àwọn oní-dánfó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn, iṣẹ́ mi nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń gé e ti dàgbà. Ojúhò serial, ihò okùn irú ti àtijọ́, ló fi ń gba iṣẹ́, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń gbọ́ èdè rẹ̀: Windows 95 ló wà lórí rẹ̀, CorelDRAW 7 ni mo fi ń yàwòrán, ojú rẹ̀ sì jẹ́ tótó 640 ní ìbú lórí 480 ní òró. Mi ò lè pààrọ̀ rẹ̀, mi ò sì fẹ́.

Nígbà tí mouse rẹ̀ kú, mo ra tuntun kan, èyí tó ń tan iná pupa lábẹ́, ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ PS/2, ẹnu roboto àtijọ́ yẹn. ₦4,500 ni. Wọ́n kọ 1000 DPI sára páálí rẹ̀, ìyẹn iye ìṣísẹ̀ tó ń kà tí ọwọ́ bá rìn íǹṣì kan, mo tiẹ̀ rò pé nǹkan iyì nìyẹn.

Fọ́ǹtì tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi kò ní Ẹ, Ọ àti Ṣ. Èmi ni mo ń fi àmì sábẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo tún ń fa àmì ohùn sórí. Awakọ̀ kan ní kí n gé Ẹ̀SỌ̀ LAYÉ fún òun, ó sì ní òun ò fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Mo fẹ́ gbé àmì sábẹ́ E, ọfà mouse lójú kọ̀ǹpútà ti fò kọjá, àmì ti bọ́ sábẹ́ S. Mo dá a padà, ó tún kọjá sí apá òsì. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní, “Ma, ẹ jẹ́ ká fi bọ́tìnnì ọlọ́fà orí kíbọọ̀dù sún un.” Ìyẹn ṣiṣẹ́ fún àmì ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ká tẹ ara lẹ́tà S kó rí gbọọrọ, ọwọ́ ni èèyàn ń lò, kì í ṣe bọ́tìnnì.

Mo lọ sí Start, Settings, Control Panel, mo tẹ Mouse, mo ṣí Motion. Mo fa Pointer speed lọ sí Slow títí kò fi lè lọ mọ́. Ọfà ṣì ń sáré. Ibi tó ti yé mi nìyẹn: ohun tí bọ́tìnnì fífà yẹn ń ṣe lórí Windows 95 ni pé ó ń fi eré kún eré. Tí ọwọ́ bá yára kọjá ìwọ̀n kan, ó sọ ìrìn ọfà di ìlọ́po méjì. Tó bá tún kọjá òmíràn, ìlọ́po mẹ́rin. Tí o bá fà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, àfikún yẹn ló yọ kúrò. Iye tí mouse fúnra rẹ̀ ń kà, kò fọwọ́ kàn án. Mouse tó ń ka 1000 nínú íǹṣì kan yóò kọjá ojú kọ̀ǹpútà mi kí ọwọ́ tó rìn sẹ̀ǹtímítà méjì.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀tígbà, ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, láti wá mouse àtijọ́ oníbọ́ọ̀lù tí kì í kà tó bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ni mo wọ̀. Ní ìkarùn-ún, ọmọkùnrin náà ní, “Ìyá mi, oníbọ́ọ̀lù kẹ̀? Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ.” Ó wá inú àpò kan títí, ó mú tòkunbọ̀ kan jáde, àwọ̀ eérú, ₦2,500. Ó gbà kí n tú abẹ́ rẹ̀ wò kí n tó sanwó, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn gan-an.

Nílé mo gbé rúlà sórí tábìlì. Láti etí kan ojú kọ̀ǹpútà dé ìkejì, ọwọ́ mi rìn sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, ìyẹn nǹkan bíi 400 nínú íǹṣì kan. Ohun tí mo ń wá nìyẹn! Mo jẹ́ kí Pointer speed ṣì wà ní Slow, mo gbé àmì sábẹ́ E, ó dúró síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni. Awakọ̀ náà gba sítíkà rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó fi ọwọ́ pa àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìdọ̀tí ni wàhálà rẹ̀. Bọ́ọ̀lù yẹn ń kó eruku tábìlì wọnú, eruku á lẹ̀ mọ́ ọ̀pá kéékèèké méjì tó wà níkùn rẹ̀, ọfà á wá máa ta kọ́sẹ́kọ́sẹ́. Mo máa ń yí ìdérí abẹ́ rẹ̀, mo yọ bọ́ọ̀lù, mo fi ìtayín ha ọ̀pá, mo fi òwú àti sìpíríìtì nù ún. Ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan ni. Ẹni tí kò bá ní sùúrù fún ìyẹn, kó má rà á. Bọ́tìnnì òsì rẹ̀ le díẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà mo dín Double-click speed kù lábẹ́ Buttons, mo sì fi àpótí tí ọmọlangidi ń fò jáde nínú rẹ̀ dán an wò.

Ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tó yọ mouse PS/2 tàbí kí ẹ tó ti ẹnu rẹ̀ bọ ojúhò, torí iná lè ba ojúhò náà jẹ́.

Mo ti padà lọ ra òmíràn lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mo fi aṣọ wé e.