Mílíìkì kíkan tí wọ́n ní ó ń gbógun ti kọlẹ́sítẹ́rọ̀lù: mo mu ún, èyí ni mo rí

Bí ó bá jẹ́ nítorí inú yín lẹ ṣe fẹ́ ra mílíìkì kíkan yìí, ẹ rà á. Bí ó bá jẹ́ nítorí kọlẹ́sítẹ́rọ̀lù ni, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi ná.

LDL mi, ìyẹn kọlẹ́sítẹ́rọ̀lù tó máa ń lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀, wà ní 158 mg/dL (mílígíráàmù nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan) nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Dókítà ní ọ̀rọ̀ náà ò tíì di ti oògùn, kí n ṣọ́ ẹnu mi, kí n sì padà wá. Ìgbà náà ni mo rí mílíìkì yìí. Wọ́n ya ọkàn pupa gàdàgbà sí ara ike rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bakitéríà inú rẹ̀ ń ran ọkàn lọ́wọ́. Ta ni ò ní rà á?

Ó dùn, n ò ní purọ́. Ó ki dáadáa, kíkan rẹ̀ ò sì pọ̀ jù. Inú mi kọ́kọ́ ń kùn, afẹ́fẹ́ sì pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó mọ́ mi lára. Ìgbẹ́ tó máa ń ni mí lára tẹ́lẹ̀ wá ń lọ geere. Nítorí èyí nìkan, owó mi ò ṣòfò.

Èsì àyẹ̀wò kejì wá jáde: 149. Mo ti fẹ́ máa jó. Dókítà wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan náà lè lọ sókè sódò tó bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé onítọ̀hún mu ohunkóhun. Ní ti HDL, ìyẹn kọlẹ́sítẹ́rọ̀lù tí wọ́n ń pè ní èyí tó dára, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà.

Kì í ṣe pé irọ́ pátápátá ni ohun tí wọ́n kọ o. Kọlẹ́sítẹ́rọ̀lù ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe òróòro tó ń tú sínú ìfun láti fi da ọ̀rá oúnjẹ. Ara kì í fi òróòro ṣòfò: nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ìfun ń gbà padà fún ẹ̀dọ̀. Àwọn bakitéríà kan wà tó ní èròjà tó ń tú òróòro yìí palẹ̀, tí ìfun ò fi ní rí i gbà padà dáadáa, tí á sì bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ̀dọ̀ á wá fa kọlẹ́sítẹ́rọ̀lù láti inú ẹ̀jẹ̀ láti fi ṣe òmíràn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo bakitéríà ló ń ṣe é. Àní àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, bí ọmọ ìyá tí ìwà wọn ò jọra ni wọ́n rí. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé orúkọ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2012 lo Lactobacillus reuteri NCIMB 30242 nínú kápúsù fún ọ̀sẹ̀ 9, LDL àwọn tó lò ó sì fi nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tó gba kápúsù òfìfo. Ìyẹn gidi ni. Ní 2002 ẹ̀wẹ̀, wọ́n fún àwọn ọkùnrin tí kọlẹ́sítẹ́rọ̀lù wọn ga díẹ̀ ní kefir, tí òun náà jẹ́ mílíìkì kíkan tó kún fún bakitéríà, kò sì ṣe ju mílíìkì lásán lọ. Tèmi ńkọ́? "Lactobacillus acidophilus" nìkan ni wọ́n kọ sára ike. Kò sí nọ́ńbà kankan. Èwo nínú wọn ni mo wá ń mu?

Ohun tó tún bí mi nínú ni ṣúgà. Òun ló tẹ̀lé mílíìkì gan-an nínú àwọn ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ ya ọkàn sára ike, ẹ wá da ṣúgà kún inú rẹ̀! Wọ́n tún kọ iye bakitéríà tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, wọn ò kọ iye tó máa kù nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá fẹ́ẹ́ pé, bẹ́ẹ̀ nínú fíríìjì pàápàá, bakitéríà ń kú díẹ̀díẹ̀. Codex, ìyẹn ìlànà àgbáyé lórí oúnjẹ, ní bí ilé iṣẹ́ bá dárúkọ bakitéríà kan sára yógọ́ọ̀tì, ó kéré tán, mílíọ̀nù kan irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàyè nínú gíráàmù kọ̀ọ̀kan títí ọjọ́ á fi pé. Ẹ sì ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n tún gbé kaná lẹ́yìn tó ti kan tán. Òkú bakitéríà lẹ máa mu.

Ẹni tí dókítà bá ti kọ oògùn statin fún, kó má torí mílíìkì pa á tì o. Statin lè fa LDL wálẹ̀ ní ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí agbára ìdènà àrùn rẹ̀ bá sì ti lọ sílẹ̀, kó bi dókítà kó tó fi ẹnu kan bakitéríà ààyè.

Mo ṣì ń mu ún, èyí tí kò ní ṣúgà. Ní ti kọlẹ́sítẹ́rọ̀lù, óòtì ni mo gbára lé báyìí, torí ẹ̀rí pọ̀ pé gíráàmù 3 beta-glucan, irú fáíbà kan tó wà nínú rẹ̀, lójúmọ́ ń dín LDL kù. Nínú máàkì márùn-ún, mẹ́ta ni mo fún mílíìkì yìí. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ nọ́ńbà bakitéríà wọn sára ike, màá fi ọ̀kan kún un.