Ẹ Ṣọ́ra fún Ẹni Tó Ń Ta Àwo Orúkọ Ọkọ̀ Ojú Irin Hogwarts

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra nǹkan àtijọ́ rélùwéè bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ẹnì kan wà ní Ìlú Ọba níbí tó ń ta àwo orúkọ onídẹ, tó ní ara ọkọ̀ ojú irin eléèédú inú fíìmù Harry Potter ni wọ́n ti tú u. Irọ́ ni. 850 pọ́n-ùn mi ti bá a lọ.

Ìtàn tó sọ ló yẹ kó ta mí lólobó. Ó ní ara ọkọ̀ tó ń ná Fort William sí Mallaig ní Scotland, tó ń gba orí afárá Glenfinnan, ló ti wá. Ẹ́ńjìnnì inú fíìmù kọ́ nìyẹn. Nọ́ńbà 5972 ni tinú fíìmù, Olton Hall lorúkọ rẹ̀, tí wọ́n kàn ní iléeṣẹ́ rélùwéè tó wà ní Swindon ní 1937. Wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní 1963, ó lọ jókòó sáàárín àlòkù irin ní Barry ní Wales, 1981 ni wọ́n tó gbé e kúrò níbẹ̀. Àwọn onífíìmù kùn ún ní pupa, wọ́n sọ ọ́ ní Hogwarts Castle, àmọ́ nọ́ńbà 5972 ò kúrò lára rẹ̀. Iléeṣẹ́ fíìmù tó wà ní Leavesden nítòsí London ló wà báyìí. Gbogbo èyí ni mo mọ̀ o! Ṣùgbọ́n bàbá mi ṣiṣẹ́ ní rélùwéè Èbúté Mẹ́ta, láti kékeré ni ẹ́ńjìnnì eléèédú ti wà lọ́kàn mi, ọkàn yẹn ló sáré ṣíwájú ojú.

Ọjọ́ tí àwo náà délé, mo dà á dojú bolẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí págunpàgun, wọ́n da àti lẹ́tà àti àwo pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Swindon kì í rí bẹ́ẹ̀: irin pẹlẹbẹ ni ìdí rẹ̀, wọ́n á wá kan lẹ́tà idẹ mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi áńkáṣíìfù tútù nu igun kan. Dúdú tó pè ní èéfín àtọdúnmọ́dún bó sí mi lọ́wọ́, ó ń rùn bíi pólíìṣì bàtà.

Ẹ ní kó ya fọ́tò ẹ̀yìn àwo fún yín kí ẹ tó dá iye lé e. Ẹ wọ̀n ọ́n: bí wọ́n bá fi ojúlówó ṣe bátànì, idẹ tí wọ́n dà máa ń súnkì bó bá tutù, ayédèrú á kéré sí i díẹ̀. Ẹ bèèrè ìwé ọwọ́ àwọn tó ti ni ín rí. Bó bá ní kí ẹ má lo káàdì, kí ẹ sanwó sí àkáǹtì òun kíá kí ẹlòmíì má bàa rà á mọ́ yín lọ́wọ́ (ohun tó sọ fún mi gan-an nìyẹn), ẹ pa fóònù.

Ó ti yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mejì, fọ́tò kan náà ló ṣì ń lò: àwo lórí kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, ọ̀dà bó lábẹ́ lẹ́tà C. Mo ti fẹjọ́ sùn ní báńkì àti lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹni tó bá ti sanwó fún un lọ́sẹ̀ yìí, ẹ pe báńkì yín lónìí, kó tó kó o kúrò ní àkáǹtì yẹn.